Iyanrìn Lẹ́nu Ọ̀nà Bàbá Khagendra

Kí Anima tó bọ́jú láàárọ̀ ọjọ́ náà ni lọ́rí kan ti da iyanrìn dí ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ìró rẹ̀ ló jí i. Irin ìdí lọ́rí kọ́kọ́ ké gbàjà, lẹ́yìn náà ni nǹkan kan dà ṣàà bí ìgbà tí òjò ńlá bá já lu páànù. Ó ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, ó fa aṣọ òtútù bo èjìká, ó sì sáré bọ́ sí àgbàlá. Ilẹ̀kùn irin tó kọjú sí òpópónà kò ṣeé ṣí mọ́. Iyanrìn ti gun ún dé àyà. Èyí tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé ti bo ìdí igi tulsi, ewéko mímọ́ ilé, tó máa ń bomi rin láràárọ̀ kó tó fẹnu kan nǹkan.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dà á síbí?" Anima kígbe.

Awakọ̀ yọ orí lójú fèrèsé. "Ẹgbẹ́ ni, Màmá. Wọ́n ní kí n dà á síwájú ilé aláwọ̀ ewé, èyí tó ṣẹ́kù."

"Tó ṣẹ́kù báwo?"

"Èmi ò mọ̀ o. Iyanrìn ni mo gbé." Ó sì wọ inú kùrukùru lọ.

Bí ènìyàn bá ní "ẹgbẹ́" ládùúgbò Purbapar, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé èwo. Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Purbapar ni, ilé aláwọ̀ ìyeyè tó wà létí pápá, tí wọ́n lẹ òkúta mábù mọ́ ògiri iwájú rẹ̀, tí wọ́n sì fín orúkọ àwọn tó dá a sílẹ̀ sí i lára. Orúkọ àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni Khagendra Samaddar. Khagendra yìí ni bàbá ọkọ Anima. Yàrá iwájú ló sùn sí láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun nìkan ló ṣẹ́kù láyé nínú gbogbo àwọn tó wà lára òkúta yẹn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe àjọyọ̀ ọdún márùndínlọ́gọ́rin, òun sì ni wọ́n fẹ́ bọlá fún. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ń ké orúkọ rẹ̀ kiri àdúgbò.

Kò pẹ́ tí alùpùpù kan fi dúró lẹ́yìn iyanrìn. Poltu ni, akọ̀wé ẹgbẹ́. Irun orí rẹ̀ ti ń pá, ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú, síbẹ̀ ọ̀dọ́ ló ṣì ń pe ara rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Mampi." Orúkọ ọmọ Anima tí kò gbé ilé mọ́ ni àdúgbò fi ń pè é. "Ẹ má jẹ́ kí inú bí yín ní kùtù. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ọ̀nà yìí ni, kò sí ibòmíràn tó fẹ̀."

"Ọ̀nà fẹ̀ láti ibí títí dé etí ojú irin, Poltu. Ẹnu ọ̀nà tèmi nìkan lo rí?"

"Háà. Ohun tó bá ti di ti gbogbo ayé, a máa ń fara dà á ni. Ilé mẹ́fà ló wà lójú ọ̀nà yìí, márùn-ún ti gbà."

"Bí ìkẹfà ò bá gbà ńkọ́?"

Poltu rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹsẹ̀ ta alùpùpù rẹ̀. "Ta ló sọ fún yín pé ìkẹfà ò tíì gbà? Ẹ bi Bọ̀ọ̀dá Shibesh, ọkọ yín, léèrè."

Anima dúró sójú kan títí èéfín alùpùpù fi tú ká.

Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n gbà náà kò ṣòro láti sọ. Ọkùnrin kan tó ń kọ́lé tà fẹ́ wó ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kó kọ́ ilé alájà púpọ̀ sí i, kó fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní yàrá mélòó kan lókè, kó sì ta èyí tó kù fún àwọn olówó. Kí ilé tó parí, yóò máa san owó ilé tí wọ́n bá háyà. Ẹgbẹ́ ló ń bá a rìn láti ilé dé ilé. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà kẹrin ti gbà bẹ́ẹ̀ rí. Òpó ni ilé tiwọn dé, ó dúró, koríko ti hù lára rẹ̀. Owó ilé dúró pẹ̀lú. Namita, aya aránṣọ, tó ti ní àgbàlá àti igi máńgòrò tirẹ̀ rí, ti wà nínú yàrá kan ṣoṣo létí ojú irin báyìí, òun àti ọkọ àti ọmọ àti ìyá ọkọ. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fúnni.

Omi ẹ̀rọ ti ń dà lójú títì, kò sì sí bí Anima ṣe lè dé ibẹ̀. Ìyá Khokan tó múlé tì í ló gbé korobá kan lé orí ògiri.

"Gbà, kó o má lọ máa sọ pé a fi òùngbẹ pa yín."

"Ẹ ṣé o, Ìyá Khokan."

"Má dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ọkọ ni mo ti ń gbé agolo omi lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lẹ́yìnkùlé, òjò ni o, ọyẹ́ ni o. Orúnkún mi ò gbé e mọ́. Wọ́n ní ilé tuntun yóò ní ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè. Ìwọ wá sàba lé wa lórí bí adìyẹ tó sàba lé òkúta."

"Ilé wo lẹ ti rí tí wọ́n parí, nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti gbà?"

"Namita lo tún fẹ́ sọ. Orí Namita kọ́ ló wà lọ́rùn tèmi." Ìyá Khokan na ọwọ́ gba korobá tó ti ṣófo, ṣùgbọ́n kò kúrò nídìí ògiri. Ojú rẹ̀ wà lára iyanrìn. "Ó ga o," ó sọ ní ohùn kẹ́lẹ́. "Bí Bàbá bá ṣubú lónìí, báwo lẹ ṣe máa gbé wọn jáde?"

Ìyá Khokan kò dúró gbọ́ èsì. Ó yọ orí kúrò lórí ògiri.

Ọjọ́ ọdún ìkórè ìrẹsì ni, ọjọ́ tí gbogbo ilé ń ṣe pithe, ìpanu ìrẹsì aládùn. Anima ti rin àgbọn sílẹ̀ láti àná, ó ti po ìyẹ̀fun ìrẹsì, ó sì ti yọ́ ṣúgà ọ̀pẹ tí òórùn rẹ̀ máa ń gba ilé kan. Ó jókòó ti àdògán, ó ń da ìyẹ̀fun pípò sínú agbada pẹlẹbẹ, ó ń kó àgbọn sí i nínú, ó ń ká a bí ẹní. Ọkọ rẹ̀ jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń fi tíì mu ìrẹsì yíyan. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́ pa, Shibesh kì í wo ojú ènìyàn dáadáa mọ́.

"Ẹ mọ̀ pé iyanrìn ń bọ̀," Anima wí.

Shibesh jẹ ìrẹsì rẹ̀.

"Bàbá Mampi, kí lẹ sọ fún Poltu?"

"Mo ní Bàbá á fọwọ́ sí i."

"Nígbà wo?"

"Nírọ̀lẹ́ òní. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bọlá fún wọn tán. Wọ́n á kàn mú wọn wọ yàrá ẹgbẹ́ ni. Orúkọ Bàbá ni ilẹ̀ wà, ìka Bàbá nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Kò ní pẹ́ rárá."

Anima gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ bẹ́ níwájú òrìṣà Kali ni wọ́n ń fi òdòdó sí lọ́rùn. Bàbá rẹ lo fẹ́ fà lọ́wọ́ lọ síbẹ̀? Ìwọ?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kò pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ" rí. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Ohùn Shibesh ga lójijì. "Kí n gbé igi? Wọ́n lu Haran tó kọ̀ fún wọn lẹ́yìn ọjà títí eyín rẹ̀ fi bọ́, ta ló yọjú? Mo dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, o mọ̀ bẹ́ẹ̀? Mi ò sọ fún ẹ ni. Ọlọ́pàá ní kí n lọ bá ẹgbẹ́ sọ ọ́, pé ọ̀rọ̀ àdúgbò ni. Bí mo bá ń kọjá níwájú wọn, wọ́n á máa ké bí màlúù lẹ́yìn mi. Ọmọ tó kéré sí Mampi! Wọ́n á ní, 'Màlúù arúgbó ń lọ o, ta ló máa fún un ní koríko?' O gbọ́ ìyẹn rí? Ìwọ wà nínú ilé."

Òórùn jíjóná ló dá wọn lẹ́kun. Pithe inú agbada ti dúdú. Anima fi ọwọ́ lásán gbé e jáde, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó jó òun. Nígbà tó padà gbé ojú sókè, àpótí ti ṣófo.

Bàbá Khagendra wà nínú oòrùn ní àgbàlá. Ó ti fi òróró músítádì para, ara rẹ̀ ń dán bí igi tí ojú ọjọ́ ti fọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá a máa bọ́ lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tayé àtijọ́ wà níbẹ̀ digbí.

"Ìyàwó, ṣé o ti fi omi ìrẹsì mú aṣọ funfun mi le? Èyí tó ní etí pupa?"

"Mo ti lọ̀ ọ́, Bàbá."

"Iyanrìn tó wà níta yẹn, ṣé pápá ni ẹgbẹ́ fẹ́ tún ṣe? Iyanrìn tó dára ni. Ibi tí ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n bọ́ọ̀lù dúró sí máa ń di ẹrẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò. Èmi ni mo dúró níbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n." Ó rẹ́rìn-ín. "A fi orí ru ìwé láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin Ṣiyáláda dé ibí yìí, o mọ̀? Ìwé tí ilé ìwé kan fẹ́ dà nù ni. Odindi kọ́bọ́ọ̀dù ló kún. Àwọn ọmọ tí kò ní fìtílà nílé máa ń wá kà á nínú ẹgbẹ́. Ní ọdún onígbáméjì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń se omi fún gbogbo ilé, àwọn ló ń gbé òkú tí ẹbí tirẹ̀ sá fún. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé èló ni. Wò ó, lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí, wọn ò gbàgbé mi. Ọmọ dáadáa ni wọ́n."

Anima yanu. Gbogbo ọ̀rọ̀ ti tò sí i lẹ́nu. Ó wo ojú bàbá náà, bó ṣe ń dán bí ojú ọmọ tí wọ́n fẹ́ mú lọ sí ibi ìran, ó sì tún pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó gbé àwo pithe síwájú rẹ̀.

Bàbá bù ú jẹ. "Eléyìí jóná díẹ̀."

"Iná ló pọ̀, Bàbá."

Lọ́sàn-án, nígbà tí Bàbá sùn, Anima gbé ṣọ́bìrì. Ó gun orí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu iyanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ilẹ̀kùn lè ṣí díẹ̀. Àwọn géńdé méjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní òdìkejì, wọ́n ń bó ẹ̀pà jẹ. Wọn kò dá a dúró. Nígbà tí òógùn ti bò ó tán ni ọ̀kan sọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́ bí ẹni tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ìyá Mampi, ẹ má dá ara yín lágara. Èyí tí ẹ bá kó, lọ́rí kan tún wà lẹ́yìn tó máa dí i." Ó ju èèpo ẹ̀pà sórí iyanrìn.

Anima dúró pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Àwọn obìnrin mẹ́ta kọjá lójú títì, wọ́n ń lọ sọ́jà. Gbogbo wọn wò ó. Gbogbo wọn rántí lẹ́ẹ̀kan náà pé nǹkan kan wà lára bàtà wọn tó yẹ kí àwọn bẹ̀ wò.

Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọ̀bẹ Purbapar ti mú ju ti ìṣáájú lọ. Àwọn baba fi ọwọ́ wọn rọ ọ́ kó lè máa ṣọ́ ilé, àwọn ọmọ ti ń fi gbẹ́ ilé náà fúnra rẹ̀ báyìí, wọ́n sì tún ń retí kí baba wá pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Nírọ̀lẹ́, Poltu dé pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀gbà òdòdó. Wọ́n gbé àga oníke kọjá orí iyanrìn, wọ́n gbé Bàbá lé e, wọ́n sì gbé e sókè. Bishu wà lábẹ́ àga lápá ọ̀tún, ọ̀dọ́kùnrin gíga tó ń ṣọ́ àwọ̀n fún ẹgbẹ́ báyìí. Wọ́n gòkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, ó di etí Bishu mú kí ó má baà ṣubú.

"Rọra o! Ọkọ ìyàwó lẹ gbé!"

"Ẹ̀yin gan-an ni ọkọ ìyàwó òní, Bàbá," ni Poltu wí.

Anima fi ọwọ́ àti orúnkún gun iyanrìn tẹ̀lé wọn. Shibesh ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì na ọwọ́ sí i.

Pápá ti kún. Iná aláràbarà wà lára pèpéle. Ìjókòó tó tóbi jù ní àárín kì í ṣe ti Bàbá. Ọkùnrin tó ń kọ́lé tà ló jókòó síbẹ̀, ó wọ dígí dúdú bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ti wọ̀. Wọ́n pè é ní onínúure ẹgbẹ́, baba àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n kọrin. Wọ́n gbé ìborùn olówùú fún Bàbá, wọ́n fi òdòdó sí i lọ́rùn, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ sí i lẹ́nu pé kó sọ ọ̀rọ̀ kékeré.

"Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ mi," Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ dún káàkiri pápá, ẹ̀rù tilẹ̀ bà á fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tọ́ ọ wò lẹ́nu, ó sì dùn mọ́ ọn. "Ẹ̀yin ń pè é ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù kọ́ ni a fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ wa tí a sá wá láti òdìkejì ààlà, irà ni ibí yìí, ejò àti ẹ̀fọn ló ni ín. A fi oparun kọ́ ahéré. Onílẹ̀ ní ilẹ̀ òun ni. Ó ń rán àwọn onígi wá lóru, wọ́n ń fa ahéré ya, wọ́n ń da ìkòkò ìrẹsì àwọn obìnrin nù. A kò ní ìbọn. A kò ní amòfin. Àwa ọ̀dọ́ wá pín òru mọ́ ara wa lọ́wọ́. Àwọn kan ń ṣọ́ etí odò, àwọn kan ń ṣọ́ ojú ọ̀nà. Bí a bá rí wọn, àwọn obìnrin á fun ìkarahun, gbogbo ilé á jáde, tọkùnrin tobìnrin, tòun ti ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ge ẹja. Bí wọ́n ṣe ń dé náà ni wọ́n ń padà. Ohun tí a fi ṣẹ́gun wọn kò ju pé a kì í sùn. Ìyẹn ni ẹgbẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a tó ra bọ́ọ̀lù."

Ìyá àgbà kan lẹ́yìn fi etí aṣọ nu ojú. Ọkùnrin onídígí dúdú ń wo fóònù rẹ̀. Poltu juwọ́ sí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, orin sì bú gbàmù, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ti gbá Bàbá lápá mú kó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ti parí.

Ní ẹnu ọ̀nà yàrá ẹgbẹ́, ẹnìkan na ọwọ́ dí Anima. "Obìnrin kì í wọ ibí."

"Èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ, èmi ni mo ń fọ aṣọ ìtọ̀ rẹ̀," Anima dá a lóhùn. "Níbi tó bá wọ̀, mo wọ̀ ọ́." Ó gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá.

Bàbá ti dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́. Àwòṣe táìlì ilẹ̀ àti ọwọ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n tò sínú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwé dà?" ó béèrè.

"Ìkán ti jẹ ẹ́, Bàbá. Ẹ wá wo ohun tó dára." Poltu fà á dé ibi tábìlì ńlá kan. Wọ́n fi páálí kọ́ ilé kéékèèké síbẹ̀, ilé gíga funfun, igi aláwọ̀ ewé, ọkọ̀ tó kéré bí èèrà. "Purbapar tuntun nìyí."

Bàbá tẹ̀ síwájú. Ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́, ó fi ìka rìn láàárín ilé bí ẹni tó ń wá ọ̀nà. "Ilé mi dà?"

"Àjà kẹrin. Lẹ́yìn lọ́hùn-ún."

"Ilẹ̀ ni mo kọ́ tèmi sí." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìka rẹ̀ ń rìn. "Adágún omi tí a gbẹ́ dà?"

Ìka rẹ̀ kò bá a níbẹ̀.

"Pápá ńkọ́?"

"Níbẹ̀ yẹn ni," Poltu wí. "Ibi tí àwọn onílé á máa gbé ọkọ̀ sí."

"Ẹgbẹ́ ńkọ́? Ilé tí a wà nínú rẹ̀ yìí, níbo ló wà?"

Ìka Bàbá dúró lórí páálí. Orin ń lu ògiri láti ìta. Bishu tó dúró lẹ́yìn sún mọ́ tábìlì, ó tẹ̀, ó sì wo ibi tí ìka náà wà. Ó wò ó pẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá Poltu," ó ní, "pápá wa dà? Ẹ ní ilé ojú ọ̀nà nìkan ni."

"Lọ dúró níta."

"Mo ní pápá wa dà?"

Ọkùnrin onídígí dúdú tún ọ̀fun ṣe. "Ọ̀dọ́ ìwòyí kì í gbá bọ́ọ̀lù mọ́," ó ní. Kò wo ẹnikẹ́ni bó ṣe sọ ọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nínú yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ewé ló mọ̀ pé òun náà ni wọ́n ń bọ̀ wá jẹ.

Poltu yára ṣí àpótí tàdáwà. Ó mú àtàǹpàkò Bàbá, ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́, ó sì fa ìwé sún mọ́ ọn. Arúgbó náà ń fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó sì ń bi í pé kí lèyí, kí lèyí. "Bọ̀ọ̀dá Shibesh," Poltu pè, "ẹ wá bá wa di ọwọ́ Bàbá mú."

Shibesh rìn wá láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó gba ọwọ́ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ Poltu, ó sì dì í mú nínú ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Ó dì í mú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Poltu fi tún pe orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fa etí ẹ̀wù funfun tó wọ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu tàdáwà kúrò lára àtàǹpàkò náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń nu ẹnu ọmọ.

"Ó ti tó kí a máa lọ, Bàbá," ó ní. "Ilé yá."

"Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe?" ni Poltu wí.

Shibesh kúnlẹ̀, ó pọn bàbá rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì dìde pẹ̀lú ìkérora. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dí ẹnu ọ̀nà. Bishu ló kọ́kọ́ yà.

"Kò burú!" Poltu kígbe lẹ́yìn wọn. "Bíríkì ló kàn lọ́la! Ẹ ó máa fò ó bí ọ̀bọ!"

Anima yíjú padà. "Kẹ́ ẹ tó kó bíríkì wá, ẹ kọ́kọ́ ha orúkọ rẹ̀ kúrò lára òkúta yín. Ìtìjú á pa àwọn tó bá mọ̀wé kà."

Kò sẹ́ni tó bá wọn gbé àga nígbà tí wọ́n ń padà. Shibesh gun iyanrìn pẹ̀lú bàbá rẹ̀ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rì, Anima ń fi èjìká tì í láti ìsàlẹ̀. Ní òkè, Shibesh yọ̀, ó fi orúnkún lélẹ̀, sálúbàtà Bàbá kan sì yí lọ sínú òkùnkùn. Nígbà tí wọ́n dé àgbàlá, Shibesh na ọwọ́ sí aya rẹ̀, ó sì fà á sọ̀ kalẹ̀.

Anima gbé omi gbígbóná, ó fọ ẹsẹ̀ Bàbá. Ó fún un ní mílíìkì àti èyí tó dára nínú pithe. Bàbá jẹ ẹ́. Ìborùn tí wọ́n fún un ti já bọ́ níbì kan, kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára àtàǹpàkò tí dúdú rẹ̀ kò tíì tán.

"Shibu," ó pè, "ọkùnrin tó wọ dígí dúdú yẹn, ta ni?"

Shibesh wo ilẹ̀.

"Kò bá mi sọ̀rọ̀ rárá. Onílẹ̀ ayé ìgbà yẹn náà kì í bá wa sọ̀rọ̀. Àwọn tó bá wá ló máa ń sọ̀rọ̀ fún un." Bàbá gbé ife sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ti di ohùn ẹni tó ń pàṣẹ. "Wọ́n á padà wá. Mo mọ irú wọn. Ẹ sáré lọ sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kí wọ́n má sùn."

Shibesh fi ọwọ́ bo ojú. Kò sẹ́ni tó ní ẹnu nínú ilé náà láti sọ fún arúgbó pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gan-an ló ń bọ̀.

"Mo ń lọ, Bàbá," ni Anima wí.

Ó jáde sí àgbàlá. Orin pápá ti dúró, ariwo àwọn ọkùnrin tó ń jiyàn ló kù, ohùn Bishu sì ga nínú rẹ̀. Anima da korobá dojú dé nídìí ògiri, ó gun orí rẹ̀.

"Ìyá Khokan!"

"Kí ló tún dé?"

"Ẹ jáde wá. Mo ti rí ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ fún yín. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe rí."

Anima dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ògiri mú. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́ tí ẹnìkan ń fa irin ìdè kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn Ìyá Khokan.